Ojú ìwé méjì tí wọ́n kà tí wọn ò kà sí

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1974, ìwé àtìgbàdégbà Communications of the ACM, tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń kà, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lójú ìwé 643 sí 644. Ojú ìwé méjì péré, lórí bí àwọn ẹ̀rọ tó dà rú ṣe lè tún ara wọn tò láìjẹ́ pé ẹnì kan wá láti òde. Ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ náà: Edsger Dijkstra ni, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, tó ti gba Ẹ̀bùn Turing ní 1972, ẹ̀bùn tí kò sí èyí tó jù ú lọ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sín lásán, àwùjọ a máa kí i. Àmọ́ ọdún mẹ́sàn-án gbáko kọjá lórí ojú ìwé méjì yìí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ṣe bí ẹni gbọ́.

Mo fẹ́ to ìṣẹ̀lẹ̀ náà bó ṣe lọ, nítorí àlàyé tó wọ́pọ̀ lórí rẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n á ní ó kúrú jù. Òótọ́ ni, ó kúrú. Ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ tí Dijkstra kan náà fi ṣàlàyé bí a ṣe ń wá ọ̀nà tó kúrú jù láti ibì kan dé ibòmíràn, èyí tó jáde ní 1959, ojú ìwé mẹ́ta lòun náà jẹ́, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà tí kì í bá a pàdé lónìí. Kíkúrú nìkan kì í pa iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́. Rotterdam ni wọ́n bí i sí, ní 1930. Ẹ̀kọ́ físíìsì ló ń kọ́ ní yunifásítì Leiden tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ní Mathematisch Centrum ní Amsterdam, ní 1952. Iṣẹ́ náà ò tíì lórúkọ láwùjọ nígbà yẹn. Nígbà tó fẹ́ gbéyàwó ní 1957, wọ́n bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní programmer lòun. Àwọn tó ń kọ orúkọ tọkọtaya sílẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní kò síṣẹ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ físíìsì ni wọ́n pàpà kọ sínú ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tó gba Ẹ̀bùn Turing.

Ní 1962 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Eindhoven. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ni wọ́n fi í jẹ. Ibẹ̀ ló wà, ní 1965, tó fi gbé ìbéèrè kan síta nínú àpilẹ̀kọ kékeré mìíràn: bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bá jọ ń lo nǹkan kan ṣoṣo, báwo ni wọ́n ṣe máa ṣe é tí ẹyọ kan péré á fi wà nídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? Ẹni tó bá ti gbé ilé tí yàrá mẹ́wàá ti ń pín balùwẹ̀ kan lò mọ ohun tí mò ń sọ. Níbẹ̀, èèyàn lè kígbe pé òun wà nínú. Ẹ̀rọ ò lè kígbe; nọ́ńbà nìkan ló lè kọ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn wá kà á, ìgbà tí onítọ̀hún yóò sì kà á, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nídìí ìmọ̀ tí a ń pè ní distributed algorithms lónìí, ìyẹn ìmọ̀ bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, ló gbà pé ìbéèrè yẹn ni orísun iṣẹ́ àwọn.

Ní 1973 ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ò jẹ́ ṣe. Ó fi iṣẹ́ ojoojúmọ́ sílẹ̀ ní yunifásítì, ó gbaṣẹ́ ìwádìí lọ́dọ̀ Burroughs, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, kò sì kó lọ sí Amẹ́ríkà. Yàrá kan nínú ilé rẹ̀ ní Nuenen, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Eindhoven, ni ọ́fíìsì rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń yọjú sí yunifásítì, tí òun àti àwọn díẹ̀ á jókòó lọ́sàn-án, tí wọ́n á máa ka iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn sókè ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á sì máa tú u wò. Ohun tó bá rò, gègé oníyíǹkì ló fi ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ìlà rẹ̀ á gún régé, á fi lẹ́tà EWD, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, àti nọ́ńbà sí i lórí, á sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ náà á ṣe ẹ̀dà tiwọn fún ọ̀rẹ́ tiwọn. Kó tó kú, àwọn ìwé àfọwọ́kọ yìí ti lé ní 1,300. EWD 391 ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1973 kan náà.

Agbo tó dà rú

Fojú inú wo àwọn ẹ̀rọ tó tò yí po bí ọmọdé tó fẹ́ ṣeré òṣùpá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè wo ẹnìkejì tó wà lápá òsì rẹ̀, kò lè wo ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó dúró sókè tó ń rí gbogbo agbo. Òfin ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ kàn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó kàn sì máa yípo títí gbogbo wọn á fi rí tiwọn ṣe.

Bí a bá ti ìbẹ̀rẹ̀ to nǹkan dáadáa, ìyẹn ò le. Ìbéèrè Dijkstra ni pé: bí a ò bá tò ó dáadáa ńkọ́? Ká ní nọ́ńbà inú àwọn ẹ̀rọ náà ti dà rú, bóyá iná ló ṣẹ́ lójijì, bóyá ẹnì kan ló tan ẹ̀rọ méjì ṣáájú àwọn tó kù, tí ẹni mẹ́ta wá ń lérò lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn ló kàn. Ǹjẹ́ agbo náà lè tún ara rẹ̀ tò láìjẹ́ pé ẹnì kan wá láti òde?

Ohun tí gbogbo wa ń ṣe sí fóònù tó bá ti gan ni pé ká pa á, ká tún un tàn. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún fóònù kan. Bí ẹ̀rọ ọgọ́rùn-ún bá wà ní ìlú ọgọ́rùn-ún, ta ni yóò pa á, ta ni yóò tàn án, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé gbogbo wọn ti kú tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tan ọ̀kan?

Ohun tí Dijkstra ń wá ni ẹ̀rọ tó dà bí ológbò: bó ṣe wù kí o jù ú sókè, ẹsẹ̀ ni yóò fi balẹ̀. Ó pè é ní self-stabilization. Èmi á máa pè é ní ìbọ̀sípò, nítorí ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn, ó ń bọ̀ sípò fúnra rẹ̀.

Òfin tó fi dáhùn kò ju méjì lọ, ẹni tó bá lè ka èjì èjì dé mẹ́wàá lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ká mú ẹ̀rọ mẹ́rin, ká pè wọ́n ní Kìíní, Kejì, Kẹta àti Kẹrin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan lọ́wọ́, láti 0 dé 4. Tó bá dé 4 tó sì tún fẹ́ lọ síwájú, á padà sí 0. Òfin kan náà ni Kejì, Kẹta àti Kẹrin ń tẹ̀lé: bí nọ́ńbà mi bá yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà lósì mi, èmi ló kàn, iṣẹ́ mi sì ni kí n da tiẹ̀ kọ. Kìíní nìkan ni tiẹ̀ yàtọ̀. Nítorí pé agbo ni, Kẹrin ló wà lósì rẹ̀. Bí nọ́ńbà Kìíní bá dọ́gba pẹ̀lú ti Kẹrin, òun ló kàn, á sì fi 1 kún nọ́ńbà tirẹ̀.

Ẹ wò ó níbi tí nǹkan ti dára. Gbogbo wọn mú 2, àwa á kọ ọ́ báyìí: 2, 2, 2, 2. Kejì dọ́gba pẹ̀lú Kìíní, kò kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kẹta àti Kẹrin. Kìíní dọ́gba pẹ̀lú Kẹrin, òun ló kàn, ó fi 1 kún un: 3, 2, 2, 2. Wàyí ó ti kan Kejì, ó da 3 kọ: 3, 3, 2, 2. Ó kan Kẹta. Ó kan Kẹrin. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti di 3, ó tún padà kan Kìíní. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kàn ní gbogbo ìgbà, ó sì ń yípo, bí ẹní ń gbé igbá omi fún ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá bà á jẹ́. Mo kọ nọ́ńbà tó bá ti wá sí mi lọ́kàn: 1, 4, 2, 1. Kìíní wo Kẹrin, méjèèjì mú 1, ó ní òun ló kàn. Kejì mú 4, ó wo 1 lósì rẹ̀, ó ní òun ló kàn. Kẹta mú 2, ó wo 4, ó ní òun ni. Kẹrin mú 1, ó wo 2, òun náà dìde. Ẹni mẹ́rin ló fẹ́ wọ balùwẹ̀ kan.

Kò sí ẹni tó máa bá wọn parí ìjà. Ká ní Kẹrin ló kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, ó da 2 kọ: 1, 4, 2, 2. Kẹrin ti dọ́gba pẹ̀lú Kẹta, ó jókòó. Àmọ́ ẹ wo Kìíní: Kẹrin tó ń wò ti kúrò ní 1, àwọn méjèèjì ò dọ́gba mọ́, òun náà jókòó. Ó ku Kejì àti Kẹta. Ká ní Kẹta ṣe tirẹ̀, ó da 4 kọ: 1, 4, 4, 2. Kẹta jókòó, Kẹrin tún dìde, nítorí 2 rẹ̀ ti yàtọ̀ sí 4. Ẹni méjì ṣì ni. Kẹrin da 4 kọ: 1, 4, 4, 4. Ó ku Kejì nìkan. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré, agbo ti padà sí ẹnì kan ṣoṣo, kò sì ní tún ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ àyàfi bí ẹlòmíràn bá tún wá bà á jẹ́.

Kì í ṣe oríire nọ́ńbà tí mo mú. Ẹni tó bá ti ṣe tirẹ̀ á jókòó, ẹyọ ẹnì kan tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ nìkan ló sì lè tìtorí rẹ̀ dìde, torí náà iye àwọn tó dìde ò lè pọ̀ sí i láé. Kò sì lè tán pátá: bí Kejì, Kẹta àti Kẹrin bá jókòó, á jẹ́ pé gbogbo wọn dọ́gba pẹ̀lú Kìíní, ìyẹn ni pé Kìíní dọ́gba pẹ̀lú Kẹrin, ó sì ti kan Kìíní nìyẹn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, Kìíní ń ka nọ́ńbà lọ síwájú, nọ́ńbà sì wà ju iye àwọn ẹ̀rọ tó kù lọ. Bó pẹ́ bó yá, á mú nọ́ńbà tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nọ́ńbà tuntun yẹn ni yóò máa ti ọ̀dọ̀ Kejì lọ sí ọ̀dọ̀ Kẹta lọ sí ọ̀dọ̀ Kẹrin, bí ìgbálẹ̀, á gbá gbogbo ìdọ̀tí tó wà níwájú rẹ̀. Kìíní ò ní lè tún ṣe ohunkóhun títí ìgbálẹ̀ yẹn á fi dé ọwọ́ Kẹrin. Nígbà tó bá dé, ilé ti mọ́.

Ohun tó máa ń dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ nìyí: kò sí ẹ̀rọ kankan nínú agbo yẹn tó mọ̀ rí pé nǹkan bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó ké gbàjarè, kò sí apá kan nínú òfin náà tó ń jẹ́ àtúnṣe. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé lọ́jọ́ dídùn náà ni wọ́n tẹ̀ lé lọ́jọ́ kíkan. Ó wá jọ mí lójú pé ibi tí ẹwà rẹ̀ wà yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n rí i. Ẹni tó bá ń wá oògùn, tó bá ti ṣí igbá tí kò rí àgúnmu nínú rẹ̀, á pa á dé.

Ìdí tó fi sùn

Nínú ojú ìwé méjì yẹn, ọ̀nà mẹ́ta ni Dijkstra fi dáhùn ìbéèrè náà. Èyí tí mo ṣàlàyé yìí ni àkọ́kọ́. Ìkejì fi nọ́ńbà mẹ́rin ṣe é fún ẹ̀rọ yòówù kó pọ̀ tó, ìkẹta dín in kù sí mẹ́ta. Kò fi ẹ̀rí kankan tì í pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé òun yọ ọ́ kúrò kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn. Ó tún mú ọ̀rọ̀ kan wá láti ẹnu Douglas Ross, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, tó ti rí iṣẹ́ náà nígbà tó ṣì wà ní àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́: Ross ní mímọ iyì iṣẹ́ náà ni iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá kà á. Ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ̀fẹ̀ yẹn gba ọdún mẹ́sàn-án kó tó rí olùṣe.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń pìtàn yìí sábà máa ń fò. Dijkstra kọ ọ́ pé wọ́n sọ fún òun pé ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn ti wọ iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí òun rí i, láàárín kọ̀ǹpútà méjì tí wáyà tí kò fi bẹ́ẹ̀ dára so pọ̀, tí wọ́n sì ní láti máa pín nǹkan lò. Torí náà, kì í ṣe pé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó nílò rẹ̀ mú un, ó lò ó, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tí kò tíì nílò rẹ̀ ni wọ́n wò ó bí àlọ́ àpamọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣí ojú ìwé tó kàn.

Lójú tèmi, bó ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ló fà á jù. Ọ̀rọ̀ ìṣàkóso ló fi bẹ̀rẹ̀: bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣe lè wà ní ìṣọ̀kan láìsí ẹni tó ń rí gbogbo wọn. Kò gbé e kalẹ̀ bí ọ̀rọ̀ àìsàn ẹ̀rọ. Lápá kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn tó ń ronú lórí àìsàn ẹ̀rọ láyé ìgbà yẹn, bí wọ́n ṣe máa dènà rẹ̀ ló gbà wọ́n lọ́kàn: ẹ fi ẹ̀rọ mẹ́ta síbi tí ọ̀kan ti tó, ẹ jẹ́ kí wọ́n dìbò, kí èyí tó ń ṣìṣe má lè borí. Ìyẹn dára fún ọkọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n ó gbà pé àwọn tó ṣì wà ní àlàáfíà pọ̀ ju àwọn tó bàjẹ́ lọ. Ti Dijkstra ò béèrè iye tó bàjẹ́. Gbogbo wọn ì báà bàjẹ́, bí òfin bá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á padà. Ó kàn jẹ́ pé ní àsìkò kan, nígbà tí nǹkan ṣì dà rú, ohun tí kò yẹ lè ṣẹlẹ̀, ẹni méjì lè bá ara wọn nínú balùwẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó má ṣẹlẹ̀ láé ò ní ra irú ọjà bẹ́ẹ̀, mi ò sì bá a wí.

Èyí tó wá dùn mí níbẹ̀ ni pé nǹkan tí ọjà náà wà fún ṣẹlẹ̀ gan-an, lójú gbogbo ayé, nígbà tí àpilẹ̀kọ náà ṣì ń sùn. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1980, ARPANET dákú. ARPANET ni nẹ́tíwọ̀kì tí ilé iṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà náwó sí, òun ni ìyá íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní IMP ló ń gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń tì í síwájú níbẹ̀. IMP kọ̀ọ̀kan a máa ké sí àwọn tó kù pé báyìí ni ọ̀nà tó wà lọ́dọ̀ mi ṣe rí, á sì fi nọ́ńbà sí ìkéde rẹ̀, láti 0 dé 63, kí wọ́n lè mọ èyí tó tuntun. Lẹ́yìn 63 ó di 0, bí ọwọ́ aago. Nítorí náà, bí nọ́ńbà méjì bá pàdé, èyí tó ṣáájú láàárín ìdajì agbo ni wọ́n á kà sí tuntun.

Lọ́jọ́ náà, mẹ́mọ́rì IMP kan ń já òǹkà sílẹ̀. Ìkéde kan wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà 44, tí kọ̀ǹpútà ń kọ báyìí: 101100. 1 kan já níbẹ̀, ó di 101000, ìyẹn 40. 1 mìíràn já, ó di 001000, ìyẹn 8. Ìkéde mẹ́ta wá ń rìn kiri, gbogbo wọn dà bíi pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà ni wọ́n ti wá. Ẹ wá fi òfin aago yẹn wọ̀n wọ́n. 44 tuntun ju 40 lọ. 40 tuntun ju 8 lọ. 8 sì tuntun ju 44 lọ, nítorí láti 44 yípo dé 8 kò tó ìdajì. Kò sí èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn. IMP tó bá gba 44 á sọ 40 nù, á pín 44 fún aládùúgbò. 8 á dé, á lé 44 lọ. 40 á tún dé, á lé 8 lọ. Ìkéde sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn ju ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn lọ. Ọ̀rọ̀ èèyàn ò rí àyè kọjá mọ́.

Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ò pọ̀. Àní bí wọ́n bá tiẹ̀ tún un ṣe, àwọn ìkéde mẹ́ta yẹn á ṣì máa lé ara wọn kiri, nítorí inú àwọn ẹ̀rọ tó wà ní àlàáfíà ni wọ́n wà báyìí. Èèyàn ló wá fi ọwọ́ wọ inú rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn IMP máa ṣàìka ìkéde tó bá ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan yẹn wá sí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí. Eric Rosen kọ ìròyìn rẹ̀ kalẹ̀ ní 1981, ẹni tó bá kà á lẹ́yìn tó ti ka ojú ìwé méjì Dijkstra á mọ̀ pé ìbéèrè kan náà ni: agbo kan dà rú, òfin tó wà nílẹ̀ ò lè dá a padà. Ní 1983 Radia Perlman, onímọ̀ nẹ́tíwọ̀kì ará Amẹ́ríkà, tẹ ọ̀nà kan jáde tí irú ìkéde bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fi kú fúnra rẹ̀ kúrò nínú nẹ́tíwọ̀kì, láìsí ọwọ́ èèyàn. Ní 1985 ó tún tẹ òmíràn jáde, èyí tó ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ tó so kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ pọ̀ yan ọ̀nà láàárín ara wọn. Ẹ yọ wáyà kan níbẹ̀, ẹ tún un kì bọ ibòmíràn, wọ́n á tún ara wọn tò. Ìbọ̀sípò pátápátá ni.

Montreal, 1983

Leslie Lamport, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n pè pé kó wá sọ̀rọ̀ ní PODC ọdún náà, ìpàdé àpérò àwọn onímọ̀ distributed algorithms tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ilé iṣẹ́ ìwádìí SRI ní California ló wà nígbà yẹn. Àmọ́ ó ti rí àpilẹ̀kọ 1974 náà tipẹ́, ó sì ti yà á lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó ń to àwọn ìbéèrè tí ìmọ̀ náà ti dáhùn àti èyí tí kò tíì dáhùn, ó dúró lórí ojú ìwé méjì yìí. Ó sọ fún wọn pé nínú gbogbo ohun tí Dijkstra ti tẹ̀ jáde, kò sí èyí tó mú ọgbọ́n tó o lójú òun, pé ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó ní ọ̀rọ̀ àìsàn ẹ̀rọ gan-an ló ń sọ, pé oko tó lọ́ràá ni, kí àwọn tó ń wá ibi tí wọ́n máa ro wá mú ọkọ́.

Wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ò wọlé. Nígbà tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ó di dandan kó jókòó kó tún ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ hun. 1984 ló jáde. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọkùnrin yìí, tó gba Ẹ̀bùn Turing tirẹ̀ ní 2013, kọ ọ́ pé bí òun ṣe jí iṣẹ́ Dijkstra yìí dìde wà lára ohun tó tóbi jù tí òun ṣe fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó kún àgbọ̀n.

Kí ló dé tí ti Lamport fi wọ̀ wọ́n létí? Kò fi ẹ̀rí tuntun kún un. Mo rò pé orúkọ ọjà náà ló pààrọ̀. Ohun tí Dijkstra pè ní ìṣọ̀kan láìsí olórí, Lamport pè é ní bí ẹ̀rọ ṣe ń gbádùn lẹ́yìn àìsàn, ó sì pè é bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn tí àìsàn ẹ̀rọ ń dà láàmú, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ARPANET dákú. Ní 1974, àwọn tó ní nẹ́tíwọ̀kì ò pọ̀. Ní 1983, gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn ló ti rí agbo tó dà rú rí.

Dijkstra fúnra rẹ̀ kó lọ sí Yunifásítì Texas ní Austin ní 1984, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kì í ṣe ti ìṣirò mọ́. Ní 1986 ó mú ẹ̀rí ti ọ̀nà kẹta jáde, ojú ìwé méjì náà ni, ó sì fi sí orí rẹ̀ pé ẹ̀rí tó pẹ́ dé ni. Ọdún méjìlá. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti fìdí ọ̀nà kẹta yẹn múlẹ̀ fúnra rẹ̀ á mọ̀ pé kò rọrùn bí ti àkọ́kọ́ rárá. Mo ti jókòó tì í ju alẹ́ kan lọ. Àwọn ọ̀dọ́ wọ inú oko náà. Shlomi Dolev àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú un kúrò lórí agbo, wọ́n gbé e lọ sí nẹ́tíwọ̀kì tó ń yí ìrísí padà. Ní 2000, Dolev kọ odindi ìwé lé e lórí.

Ní ọdún 2000 yẹn ni PODC tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀bùn dá àpilẹ̀kọ àtijọ́ tó nípa jù lọ́lá. Ti Lamport ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ní 2002, ó kan ojú ìwé méjì Dijkstra. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún yẹn ló kú nínú ilé rẹ̀ ní Nuenen, níbi tó ti kọ EWD 391. Láti 2003, orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀bùn náà ń jẹ́.

Ọ̀rọ̀ Ross ṣì wà nílẹ̀, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹ lọ láìṣe tiyín. Ẹ kọ 3, 0, 4, 2 sórí bébà fún Kìíní, Kejì, Kẹta àti Kẹrin. Ẹni mẹ́ta ló dìde níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí tó bá wù yín nínú wọn kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, ẹ tún mú òmíràn, kí ẹ sì máa ka iye àwọn tó kù lórí ìdúró.